Ọkọ̀ Ogun Méjì Nínú Páálí Kéèkì

Ọjọ́ Sátidé kan wà tí kò ní tán lọ́kàn mi, bí mo bá tilẹ̀ darúgbó lọ́la tí mo ń ṣi orúkọ àwọn ọmọ mi pè. Ọjọ́ náà ni mo gbé ọkọ̀ ogun méjì láti Ọ̀yọ́ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, nínú páálí kan ṣoṣo, lórí itan mi, láti lọ fi wá ìyàwó.

Kí ẹ má bàa rò pé ológun ni mí, tíṣà ni mí. Ẹ̀kọ́ Ìwé Mímọ́ ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé girama kan ní Ọ̀yọ́, iṣẹ́ tí mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún lójoojúmọ́. Àwọn ọkọ̀ tí mò ń wí yìí, ike ni wọ́n. Wẹ́wẹ́ ni wọ́n máa ń wà nínú páálí, táyà lọ́tọ̀, ilẹ̀kùn lọ́tọ̀, ẹnu ìbọn lọ́tọ̀, èèyàn á wá fi gúlù lẹ̀ wọ́n pọ̀, á kùn wọ́n lọ́dà, títí wọn yóò fi di ọkọ̀ gidi ní kékeré. Ohun tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà márùndínlógójì lójú ayé yóò di ẹsẹ̀ bàtà kan péré lórí tábìlì, gbogbo nǹkan ara rẹ̀ yóò sì kéré ní ìwọ̀n kan náà. Bí ìdè kan, ìyẹn orí bóòtì tó so ara ọkọ̀ pọ̀, bá tóbi jù, àbùkù ni.

Ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ìjọ wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti kọ́ iṣẹ́ yìí. Míṣọ́nnárì kan tó ń padà sí Amẹ́ríkà ló fi páálí ọkọ̀ òfuurufú kan sílẹ̀ nínú yàrá ìkàwé, kò sì sẹ́ni tó mọ ohun tí wọ́n ń fi í ṣe. Èmi ni mo jókòó tì í ní gbogbo ìsinmi Kérésìmesì ọdún yẹn. Nígbà tí mo parí rẹ̀, olùkọ́ wa ní ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi gbé e sókè lójú ìjọ, ó ní kí wọ́n wá wo ohun tí sùúrù lè ṣe. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń gbéra ga díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí, kí Olúwa dárí jì mí.

Ọ̀rọ̀ yìí ló sì fẹ́ ba tèmi jẹ́ lọ́dọ̀ Baba Ṣọ́jà. Baba Ṣọ́jà ni bàbá Fọlákẹ́, nọ́ọ̀sì tí mo fẹ́ fi ṣaya. Ó ti wa ọkọ̀ ogun fún ọdún mọ́kànlá kó tó fẹ̀yìn tì, ó sì ti di díákónì nínú ìjọ rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Fọlákẹ́, nínú ìfẹ́ tó ní sí mi, fi àwòrán àwọn ọkọ̀ mi hàn án lórí fóònù.

Baba bi í pé, "Ọmọ ọdún mélòó ni?"

"Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, sà."

"Ó sì ń fi ọkọ̀ oníke ṣeré? Ọkọ ni mo ní kó o mú wá, Fọlákẹ́. Mi ò ní kó o mú ọmọ tí màá tún bá ẹ tọ́ wá."

Lẹ́yìn ẹ̀bẹ̀ púpọ̀, Baba gbà láti rí mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó ní kí n wá ní Sátidé kejì oṣù tó ń bọ̀, aago mẹ́wàá àárọ̀. Bí òun bá wò mí tán tí òun sọ pé rárá, kí ẹnikẹ́ni má tún dárúkọ mi nínú ilé òun mọ́.

Ẹlòmíràn ì bá kó àwọn ọkọ̀ rẹ̀ pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì títí ìgbéyàwó yóò fi kọjá. Èmi rò ó, mo sì pinnu pé ọkọ̀ náà gan-an ni màá fi bá Baba sọ̀rọ̀. Fọlákẹ́ ti ya fọ́tò àwòrán kan tó wà lára ògiri pálọ̀ wọn ránṣẹ́ sí mi: Baba nígbà tó ṣì lágbára, ó fara ti iwájú ọkọ̀ ogun onítáyà mẹ́fà kan. Ọ̀rẹ́ mi kan tó wà ní London bá mi wá irú ọkọ̀ náà, ó fi páálí rẹ̀ ránṣẹ́. Páálí náà ń dán. Àwọn ìdè ara ọkọ̀ náà wẹ́ bí iyanrìn, ìwé tó sọ bí èèyàn yóò ṣe tò ó nípọn bí ìwé orin.

Ọ̀sẹ̀ kejì, mo ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọjà Akẹ̀sán, mo rí ìyá kan tó ń ta ohun ìṣeré tòkunbọ̀. Láàárín àwọn bèbí tí kò lápá, páálí kan wà tí aáyán ti jẹ etí rẹ̀. Ọkọ̀ ogun onítáyà mẹ́fà kan náà ló wà nínú rẹ̀. Mo dúró lójú ọ̀nà, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run sókè, ìyá náà sì ń wò mí bóyá kí òun sá.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe kọ́ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan lápá ọ̀tún tábìlì, ọ̀kan lápá òsì, mo sì ń fi wọ́n wéra. Mo la ojú ìwé kan sí méjì, mo ń fún wọn ní máàkì bí mo ṣe ń fún àwọn ọmọ kíláàsì mi. Ti London, oríkèé rẹ̀ dọ́gba, àwọn táyà rẹ̀ ń yí, orí tó gbé ìbọn rẹ̀ ń yí lọ yí bọ̀ láìdún. Ti Akẹ̀sán, ike rẹ̀ nípọn, ìdè ara rẹ̀ tóbi bí ẹ̀wà, táyà ẹ̀yìn kan sì ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Èyí tó wá burú jù ni ihò kan tó wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nísàlẹ̀, pẹ̀lú ìdérí kékeré kan tí kò pa dé dáadáa. Ti London kò ní irú ihò bẹ́ẹ̀. Mo wo fọ́tò Baba, iwájú ọkọ̀ nìkan ló hàn níbẹ̀. Mo ní àwọn tó ṣe ti Akẹ̀sán ti ṣàṣìṣe. Mo fi pọ́tì dí ihò náà, mo fi sáńpépà fá a, mo kùn ún títí ẹ ò fi lè mọ̀ pé ihò wà níbẹ̀ rí. Mo rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tó bá Ẹlẹ́dàá tún iṣẹ́ ṣe.

Ti London gba máàkì méjìléláàádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Ti Akẹ̀sán gba mẹ́tàdínláàádọ́ta, ó féèlì. Ti London ni màá fi ta Baba lọ́rẹ. Ti Akẹ̀sán, màá gbé e dání kí Baba lè rí i pé mo mọ ìyàtọ̀ láàárín dáadáa àti burúkú, irú ohun tí èèyàn máa ń fẹ́ kí àna òun mọ̀.

Páálí tó gba méjèèjì ni mo wá tì. Èyí tí mo rí ni ti kéèkì tí wọ́n fi ṣàjọyọ̀ fún tíṣà kan ní ilé-ìwé wa, pẹ̀lú òdòdó pupa lórí ìdérí rẹ̀. Mo gbé e lé itan nínú bọ́ọ̀sì. A ò tíì kúrò ní gáréèjì Ọ̀yọ́ tí ìyá kan tó gbé apẹ̀rẹ̀ tòmátì jókòó tì mí fi bi mí léèrè.

"Ọ̀gá, ta ló ń ṣọjọ́ ìbí?"

"Kì í ṣe kéèkì, mà. Ọkọ̀ ni. Ọkọ̀ ogun méjì."

Ó wo páálí náà, ó wò mí, ó sì rọra gbé tòmátì rẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Díréfà sọ láti iwájú pé, "Bọ̀dá, ẹ bá mi bẹ ogun yẹn kó má tíì bẹ̀rẹ̀. Táyà mi ò ní sípíà."

Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Ibi tó yẹ kí n dákẹ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìgbéraga ti gbé ọwọ́ lé mi léjìká, mo ṣí páálí náà. Nígbà tí wọ́n rí ohun tó wà nínú rẹ̀, ẹ̀rín dá. Ìyá onítòmátì ní, "Ọwọ́ ẹ lo fi ṣe èyí? Olúwa kú iṣẹ́." Ǹjẹ́ ẹ rò pé mo tún pa páálí dé? Mo fi ti London ránṣẹ́ sẹ́yìn kí gbogbo èèyàn lè rí i, mo sì ń ṣàlàyé máàkì fún wọn bí ẹni tó wà níwájú kíláàsì. Ọwọ́ ọkùnrin kan tó wà lórí àga ìkẹyìn ló wà nígbà tí díréfà já sínú kòtò.

Ọkùnrin náà ní, "Ọ̀gá, ìbọn yín ti yọ o." Ó nawọ́ ẹnu ìbọn náà sí mi láàárín ìka méjì, bí ẹni tó ń dá igi ìtayín padà fún olówó rẹ̀.

Bí mo ṣe sọ̀ kalẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, ọ̀dọ̀ ṣúmékà tó wà létí gáréèjì ni mo kọ́kọ́ yà sí, mo ra súpà gúlù. Mo wọ kẹ̀kẹ́, mo ní màá lẹ ìbọn náà kí a tó dé ilé Baba, ṣùgbọ́n ọ̀nà ń jù wá sókè sódò. Mo ní ó dìgbà tí a bá dúró. Ẹnu ọ̀nà ilé Baba ni mo ti ṣí gúlù náà, mo fi kan ìdí ìbọn, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ àyè rẹ̀, ó sì mú. Mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run nígbà tí oníkẹ̀kẹ́, tó rò pé mo ti sọ̀ kalẹ̀, tẹ iná. Mo di ohun tó wà lọ́wọ́ mi mú kí n má bàa ṣubú. Ohun tó wà lọ́wọ́ mi ni gúlù. Ó bẹ́, ó tú sí àtẹ́lẹwọ́ mi méjèèjì.

Ó dúró, mo sọ̀ kalẹ̀, n kò sì ráyè nù ún. Baba ti dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó wo aago.

"Aago mẹ́wàá ni mo sọ. Aago mẹ́wàá ti fi ìṣẹ́jú mẹ́ta kọjá."

"Ẹ máa bínú, sà. Ẹ káàárọ̀, sà."

Mo fi apá gbé páálí kalẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, mo fi ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn kí iyẹ̀pẹ̀ má bàa lẹ̀ mọ́ wọn. Baba wò mí fún ìgbà díẹ̀, ó sì mi orí. Ó jọ pé irú ìdọ̀bálẹ̀ yẹn wù ú. Mo fi apá gbá páálí mọ́ra, mo tẹ̀ lé e wọ pálọ̀, níbi tí Màmá àti Fọlákẹ́ ti ń dúró.

Baba ní, "Ká tó jókòó, ẹ jẹ́ ká gbàdúrà."

Ilé ìjọ ni wọ́n ti tọ́ mi. Bí wọ́n bá ti ní ẹ jẹ́ ká gbàdúrà, ojú mi á pa dé, orí mi á tẹ̀ ba, àtẹ́lẹwọ́ mi méjèèjì á pàdé láyà mi, bí wọ́n ṣe kọ́ mi láti ọmọ ọdún mẹ́rin. N kì í ronú sí i. N kò ronú sí i lọ́jọ́ náà náà.

Baba mọ àdúrà gbà. Ó dúpẹ́ lórí ìṣẹ̀dá ayé, ó dúpẹ́ lórí àwọn míṣọ́nnárì tó gbé ìhìn rere wá, ó gbàdúrà fún àwọn aláìsàn, fún àwọn àgbẹ̀ ní Ìrẹ̀sà, fún àwọn tó ń ṣèjọba lé wa lórí, kí Ọlọ́run là wọ́n lójú. Nígbà tó máa fi dé orí àlejò tó wà nínú ilé, mo ti mọ̀ pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Mo rọra fa ọwọ́ ọ̀tún. Ti òsì tẹ̀ lé e wá.

Baba ṣe àmín, ó na ọwọ́ sí mi láti bọ̀ mí lọ́wọ́ bí ọkùnrin sí ọkùnrin. Mo dúró, ọwọ́ mi méjèèjì láyà.

Ó ní, "Àdúrà ti parí o."

"Mo gbọ́, sà."

"Àbí o ní tìrẹ tó o fẹ́ fi kún un?"

Ẹ dárí jì mí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo tún ojú pa dé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà, mo sì ń fa ọwọ́ lábẹ́ ìbòjú rẹ̀. Mo gbàdúrà fún ilé náà láti òrùlé dé ìpìlẹ̀. Màmá ń ṣe àmín kíkankíkan. Mo gbọ́ tó ń sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ fún Fọlákẹ́ pé, "Ọmọ yìí mà gbóná nínú Olúwa." Orí mi wú, ẹ jọ̀wọ́, pẹ̀lú gbogbo wàhálà yẹn. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe dé ibi tí mo ti ní, "Ìwọ Ọlọ́run tó mọ ohun ìkọ̀kọ̀ gbogbo," mo gbọ́ ohun tí ẹnu ara mi ń sọ. Ta ni mò ń tàn? Mo la ojú.

Mo ní, "Baba, ẹ máa bínú. Gúlù ló wà lọ́wọ́ mi. Ọwọ́ mi ti lẹ̀ pọ̀."

Baba wá sún mọ́ mi, ó fi ìka kan tẹ ẹ̀yìn ọwọ́ mi wò, bí ẹni tó ń wo táyà bóyá atẹ́gùn rẹ̀ pé. Ó yíjú sí Fọlákẹ́.

"Ẹni tó o mú wá nìyí?"

"Òun ni, sà." Fọlákẹ́ ti fi ìborùn bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n.

Ọpẹ́lọpẹ́ pé nọ́ọ̀sì ni. Ó gbé abọ́ omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ wá, ó da ọṣẹ àti òróró sí i, ó ní kí n ri ọwọ́ sínú rẹ̀, kí n má fà á, awọ á bó. Bí mo ṣe wá jókòó nìyẹn níwájú ẹni tí mo fẹ́ kó fún mi lọ́mọ, mo gbé abọ́ lé itan, ọwọ́ mi wà nínú omi ọṣẹ bí aṣọ tí wọ́n rẹ. N kò lè ṣí páálí. Baba ló fúnra rẹ̀ ṣí i.

Ó wọ awò ojú, ó gbé ti London lé tábìlì. Mo bẹ̀rẹ̀ àlàyé mi láti orí àga: oríkèé, ìdè, táyà, máàkì méjìléláàádọ́rùn-ún. Baba ní, "Ó dára," bí ẹni tí wọ́n fún lómi tí òùngbẹ ò gbẹ. Ó wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó gbé e kalẹ̀. Ó wá gbé ti Akẹ̀sán. Ó gbé e sún mọ́ ojú, ó fi àtàǹpàkò ra ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nísàlẹ̀, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì. Ìka rẹ̀ dúró síbi tí mo ti dí.

"Nǹkan kan wà níbí tẹ́lẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ihò kan ni. Mo rò pé àṣìṣe ni. Mo dí i."

Baba kò gbé ojú sókè. Ó ní, "Ibí yìí ni mo gbà jáde."

Ó jókòó, ọkọ̀ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní òkèèrè ni àwọn wà, àwọn lọ pẹ̀tù sí ìjà àwọn ẹlòmíràn. Iná mú ẹ́ńjìnnì, ìdérí òkè kò ṣí. Òun fi ẹsẹ̀ ta ìdérí ẹ̀gbẹ́, òun wọ́ jáde, òun sì fa ẹnìkejì òun jáde ní apá.

Màmá ní, "Ẹ ò sọ fún mi rí pé iná mú ọkọ̀."

"Mo ṣì máa padà lọ nígbà yẹn. Ṣé kí n sọ fún ọ, kó o máa sunkún títí màá fi dé?"

Èmi ń wo omi ọṣẹ. Mo mọ̀ pé Fọlákẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo ti fi pọ́tì dí ẹnu ọ̀nà tí Ọlọ́run gbà yọ ẹni tó bí Fọlákẹ́, mo ti fi sáńpépà fá a, mo sì fún un ní máàkì ẹni tó féèlì.

Mo ní, "Baba, ẹ̀bi mi ni. N kò bi ẹnikẹ́ni léèrè."

Baba fi ìka kan ibi tí mo dí. "Ṣé o lè ṣí i?"

"Mo lè ṣí i, sà. Bí ọwọ́ mi bá kúrò nínú abọ́ yìí."

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ jáde láti imú Baba, kó tó dé ẹnu rẹ̀. Ó sọ fún Fọlákẹ́ pé kó tú ọwọ́ mi sílẹ̀ kíá, iṣẹ́ wà nílẹ̀. Ọwọ́ mi tú díẹ̀díẹ̀, awọ díẹ̀ sì bá gúlù lọ. Baba mú ọ̀bẹ kékeré wá. Òun di ọkọ̀ mú, èmi ń gbẹ́, ó ń sọ fún mi bí ihò náà ṣe fẹ̀ tó àti apá ibi tí ìdérí rẹ̀ máa ń ṣí sí. Nígbà tí mo fi ìdérí náà sí i padà, ó ṣí sílẹ̀ díẹ̀ bí ti àtẹ̀yìnwá. Mo ní kí n fá etí rẹ̀ kó lè pa dé. Baba gbá ọwọ́ mi kúrò.

"Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bó ṣe wà nígbà tí a jáde nìyẹn."

Oúnjẹ ọ̀sán ti tutù kí a tó jẹ ẹ́. Lẹ́yìn tí a jẹun tán, Baba gbé ti London lé mi lọ́wọ́. "Èyí tó rẹwà yìí, gbé e padà sílé, kó o máa fi ṣeré." Ó fa ti Akẹ̀sán sọ́dọ̀ ara rẹ̀. "Kó o sọ fún àwọn òbí rẹ pé kí wọ́n wá mọ̀ wá."

Mo dọ̀bálẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, n kò mọ ibi tí ọwọ́ mi wà.

Ọdún mẹ́rin rèé tí Fọlákẹ́ ti di ìyàwó mi, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ohun tí mo kọ́ lọ́jọ́ náà ni pé n kò gbọ́dọ̀ tún iṣẹ́ ẹlòmíràn ṣe kí n tó bi ẹni tó wà nínú rẹ̀ léèrè. Mo ń fi kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi, n kì í kàn sọ fún wọn ibi tí mo ti rí i.

Baba ni kì í jẹ́ kó fara sin. Ọkọ̀ ti Akẹ̀sán wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì ní pálọ̀ rẹ̀, inú mi sì máa ń dùn débi pé mi ò lè fi pa mọ́ bí mo bá rí i tó ń gbé e jáde fún àwọn àlejò. Á fi ihò náà hàn wọ́n, á sọ ti iná, ojú gbogbo èèyàn á rọ̀. Lẹ́yìn náà ló máa ń pè mí síwájú, pé kí n sọ apá tèmi. Lóṣù tó kọjá, pásítọ̀ wọn tuntun ló wá kí i. Mo dìde, mo so ọwọ́ pọ̀ láyà, mo fi bí mo ṣe dúró hàn wọ́n. Pásítọ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi yọ awò ojú. Màmá ń nu ojú. Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín tèmi máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó jáde.